Pátákó Tí Mo Gbé Sókè fún Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi máa bú mi. Èmi fúnra mi ti bú ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí èébú yín kò ní bá mi lójijì.

Delfina ni orúkọ mi. Ọkọ mi ni Anselmo Bertolotti, tí àwọn àgbà Buenos Aires tó fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀ ṣì ń rántí. Nígbà tí mò ń wí yìí, a kò tíì bímọ. A ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní apá gúúsù ìlú, ọkọ̀ tí Anselmo sì fi ń sáré, òun àti Cirilo mẹkáníìkì rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn tò ó.

Oṣù Jánúárì, nígbà tí oòrùn wa bá ń mú bí iná, ni eré ìje ńlá tó ń ṣí ọdún máa ń wáyé lọ́dọ̀ wa. Àwọn awakọ̀ Yúróòpù á sá fún òtútù ilé wọn, wọ́n á kó ọkọ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á wá bá wa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ṣèlérí kan. Ọmọ ilẹ̀ wa tó bá ṣe dáadáa jù nínú eré náà, wọ́n á rán an lọ sí Yúróòpù kó lọ fi ọkọ̀ gidi sáré títí ọdún á fi parí.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kọjá ẹni méjì: ọkọ mi, àti Lautaro Echeveste.

Láyé ìgbà yẹn, ìyàwó awakọ̀ kì í jókòó lásán. Àwa la máa ń di aago mú, aago tí à ń tẹ̀ kó sáré, tí à ń tẹ̀ kó dúró. Bí ọkọ ẹni bá ti kọjá, a ó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tó ń lé e bá kọjá, a ó tún tẹ̀ ẹ́. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín wọn, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó dúdú, a ó sì gbé e sókè bí ọkọ wa bá tún yí dé.

Awakọ̀ kò lè gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn. Eruku àti epo kì í jẹ́ kó rí ẹ̀yìn. Pátákó yẹn ni ojú rẹ̀.

Anselmo a sì máa fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Delfina tèmi kì í ṣi aago tẹ̀. Bó bá gbé pátákó sókè pé ọ̀run ń ya bọ̀, ẹ tètè sá o!"

Ní ọ̀sẹ̀ tí eré náà kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń fi igbá kan fa mate, omi ewé gbígbóná ilẹ̀ wa, mu. Ó mu tirẹ̀, ó gbé igbá náà padà fún mi, kò wojú mi.

Ó ní, "Delfi, bí wọ́n bá mú mi, ṣé kí n lọ?"

Àyà mi já. Àmọ́ ẹ̀rín ni mo rín.

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Lọ, jàre! Ta ní ń kọ oríire?"

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ṣé o rò pé màá kú ni?"

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni." Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa nìyẹn. Òun ló bí àwọn tó kù.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè jókòó sójú kan mọ́. Màá fọ aṣọ tó ti mọ́. Màá gbálẹ̀ tán, màá tún gbá a. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí mo bá dùbúlẹ̀, màá máa rí i tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbiná ní orílẹ̀-èdè tí n kò mọ̀. Bí n kò bá rí iná, màá rí obìnrin kan tó ń bá a nu ojú.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún ẹ̀yin náà. Kì í ṣe ikú nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Mò ń bẹ̀rù kó má lọ rí ibi tó dùn ju ọ̀dọ̀ mi lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ń dán ọkọ̀ wò ni Nélida, ìyàwó Lautaro, bá mi lórí ìnàró. Ọ̀rẹ́ mi ni, ibùdó wọn ní ẹ̀gbẹ́ títì ló sì tẹ̀ lé tiwa. Òun náà ń di aago fún ọkọ rẹ̀.

"Delfi, kí ló ń ṣe ọ́ tí o ń lọ tí o ń bọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

"Kò sí nǹkan."

"Irọ́ ńlá. O ò fẹ́ kó lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wo bí Ọlọ́run ṣe ń pín nǹkan! Èmi rèé, mo ti gba ààwẹ̀ títí kí wọ́n lè bá mi gbé Lautaro lọ. Ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì! Kí n rí bẹ́ẹ̀dì mi fi nasẹ̀ fún ọdún kan péré. Ọkọ tìrẹ ló wá yá ju tèmi lọ."

"Kí n bá ọ bẹ̀ ẹ́ kó rọra sáré?"

"Bẹ̀ ẹ́ kẹ̀?" Ó yọjú wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Ṣebí ọwọ́ rẹ ni pátákó wà?"

"Nélida! Kí lo fi ìyẹn sọ?"

"N kò fi sọ nǹkan kan o. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń bá ọ ṣe." Ó padà síbi aago rẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́nú. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, ó sì jókòó.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ooru ọjọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì gbàdúrà kí n tún rí i. Ọ̀dà títì ń yọ́. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan irin, ó ti bó nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí eré náà tí àwọn awakọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn pọ́n, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n á gbé ọkọ̀ wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, nítorí òfin gbà á nígbà yẹn, àwọn fúnra wọn á sì jókòó sínú agbada omi bí ọmọ ìkókó.

Cirilo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ wò wọ́n, àwọn akọni! Ẹ fún wọn ní ọmú!"

Ṣùgbọ́n àwa tí a bí sínú ooru yẹn kò yà. Nígbà tí eré ti kọjá ìdajì, ipò kẹta ni Anselmo wà, lẹ́yìn àwọn ará Yúróòpù méjì. Lautaro dúró mu omi, ó pàdánù àyè púpọ̀, ó sì tún gbéra, ó ń lé e bọ̀.

Mò ń tẹ aago mi, mò ń kọ òótọ́. Pátákó lọ sókè, Anselmo fi orí kí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó kọjá. Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ló fi ṣíwájú. Nígbà tó tún yí dé, ó ti wálẹ̀ sí ogójì. Mo kọ ogójì.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e, aago mi ní ọgbọ̀n.

Mo di ṣọ́ọ̀kì mú. Ọgbọ̀n ló yẹ kí n kọ. Bí mo bá kọ ọ́, yóò tẹ ọkọ̀ rẹ̀ dé gbòǹgbò, Lautaro kò sì ní bá a láé. Bí n kò bá sì kọ ọ́ ńkọ́? Mo wí nínú ọkàn mi pé, "Delfina, ooru yìí lè pa á. Àánú ni kó rọra sáré." Bí Èṣù ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ohùn àánú ló máa ń yá lò.

Ogójì tó wà lára pátákó, n kò pa á rẹ́. Mo gbé e sókè bẹ́ẹ̀.

Anselmo rí i. Ó fi orí kí mi, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ́ńjìnnì náà. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo tún ní àǹfààní láti tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá yí dé, mo tún ní àǹfààní náà. Ogún ló kù, mo gbé ogójì. Ó lé díẹ̀ lórí mẹ́wàá, mo tún gbé ogójì. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Cirilo gbé korobá omi dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Ogójì kẹ̀? Lójú tèmi, ó ti súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ta ló di aago mú nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ máà bínú, ìyàwó ọ̀gá. Ìbéèrè ni mo bi."

"Gbé omi rẹ, jàre!"

Ìyípo tó kẹ́yìn, a rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ yọ ní kọ́nà, Lautaro ti wà ní ìdí ọkọ̀ Anselmo. Ọkọ mi kò tilẹ̀ mọ̀. Ojú títì tó tọ́ gbọnrangandan síwájú wa gan-an ni Lautaro ti yà á sílẹ̀ tó sì ré e kọjá. Mo rí i tí orí Anselmo ṣẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbá létí láti ẹ̀yìn.

Nélida fò mọ́ mi. "Wọ́n máa gbé e lọ! Delfi, wọ́n máa gbé e lọ!" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára pátákó ọwọ́ mi. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Delfi, ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe o."

Nígbà tí Anselmo bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú fún epo, àyíká ojú méjèèjì nìkan ló funfun. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ onímọ́tò bá a níbẹ̀. Ó ní, "Bertolotti, ṣé wọn kò fi hàn ọ́ pé ó ń bọ̀ ni? Àbí pátákó yín ló ṣì í?"

Anselmo gbójú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìyàwó mi sí i. Delfina kì í ṣì í. Ooru ló ṣú mi lójú, èmi ni mo ṣì í kà."

Ó wá fà mí mọ́ra pẹ̀lú epo tó wà lára rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún, Delfi. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi." Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Mo sì tún rò nínú ara mi pé ó ti parí, mo ti mú un jẹ, ọkọ mi kò lọ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀, Màmá Ersilia, ní ká wá jẹun. Wọ́n dá iná sí àgbàlá, wọ́n ń yan ẹran màlúù lórí irin. Don Hilario alápatà, aládùúgbò wọn, ló ń yí ẹran, àwọn àbúrò Màmá náà sì wà níbẹ̀. Ohùn Màmá ti há pátápátá. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé eruku mì.

Mo ní, "Màmá, ṣé òtútù mú yín ni?"

"Òtútù wo, nínú oòrùn yìí? Ọkọ rẹ ni kí o bi." Ó kọjú sí Anselmo. "Selmo mi, wá. Jókòó. Kí ló ṣe ọ́ lánàá?"

"Ooru ni, Màmá."

"Ooru kẹ̀! Ooru ló di ọ́ létí? Ọkùnrin orí rédíò pariwo títí ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

Don Hilario fi ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ ṣe makirofóònù, ó yí ohùn padà. "'Echeveste ń bọ̀! Ogún ìṣẹ́jú àáyá ló kù! Mẹ́wàá ló kù! Bertolotti, ṣé o ti sùn ni?' Ọlọ́run ń gbọ́, mo fi ẹran sílẹ̀ lórí káńtà, mo ń pariwo. Gbogbo òpópónà ló ń pariwo."

Màmá ní, "Mo lu rédíò! Mo fi ọwọ́ mi yìí lu rédíò. Mo ní, 'Selmo, sáré, ó ti wà ní ìdí rẹ!' Ìwọ wá ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Máàsì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nìkan ni kò mọ̀?"

Rédíò! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Anselmo, n kò gbọ́ eré rẹ̀ lórí rédíò rí, nítorí ibi eré gan-an ni mo máa ń wà. Mo rò pé aago ọwọ́ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo gbàgbé pé ọkùnrin kan jókòó sókè pẹ̀lú aago tirẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi nínú kíṣìnì.

Anselmo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ogójì ni mo rí. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo rí i. Mo ti ń sọ fún ara mi láti àná pé ojú mi ni."

Gbogbo wọn kọ́kọ́ wò ó, wọ́n wá yí ojú sí mi.

Ó ní, "Delfina." Kò pè mí ní Delfi. "Kí ni aago rẹ sọ?"

"Aago... aago ló dàrú. Ooru ló bà á jẹ́."

"Níbo ló wà?"

Ó wà nínú báàgì mi, lábẹ́ àga. Kí n tó dáhùn, ó ti mú un jáde. Ó gba aago ọrùn ọwọ́ Don Hilario, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó tẹ tèmi, ó sì tẹjú mọ́ wọn.

Odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé yín, ẹ ó rí bó ṣe gùn tó. Ẹran ń jóná, Don Hilario kò yí i. Mò ń gbàdúrà kí aago náà kú. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró, kó fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré gbẹ̀yìn. Kò gbẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì jọ dé ni.

Anselmo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe aago yìí."

Màmá Ersilia wò mí pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n láti àná. "Kí ló wá ṣe ìyàwó rẹ?"

Ilẹ̀ kò lanu. Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní, "Mi ò fẹ́ kó lọ! Ẹ̀rù bà mí! Mi ò fẹ́ kó lọ!"

Mo ti gbára dì fún ìgbájú. Ǹ bá yọ̀ bó bá gbá mi. Anselmo jókòó lórí àga rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí aago náà.

Ó ní, "Mo bi ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo bi ọ́ pé ṣé kí n lọ. Bó o bá ní kí n má lọ, ǹ bá má lọ."

Ó dìde, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Don Hilario, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹran tó ti jóná.

Lautaro ló lọ. Ọkọ̀ kò jó o, obìnrin kankan kò gbà á. Ó padà dé lópin ọdún pẹ̀lú ikùn tó yọ àti ife ẹ̀yẹ kékeré kan, gbogbo èrò sì lọ pàdé rẹ̀ ní èbúté. Nélida ní ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé èdè méjì ló fi ń hanrun báyìí.

Ẹ ó rò pé Anselmo lé mi jáde. Kò lé mi. Nígbà tí Jánúárì tún dé, tí ìyá rẹ̀ ní kí Cirilo máa di aago mú, òun fúnra rẹ̀ ló fi aago náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù ọ́ lọ." Mo sunkún ayọ̀. Mo búra pé bí ó bá jẹ́ ẹyọ ìṣẹ́jú àáyá kan ló yàtọ̀, màá kọ ọ́.

Eré bẹ̀rẹ̀. Lautaro tún wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi tèṣí. Mo tẹ aago mi, mo kọ òótọ́ gàdàgbà, mo gbé e sókè ga ju orí mi lọ. Anselmo yọ, ó dé ọ̀dọ̀ mi, kò fi orí kí mi. Ó ti yí ojú sí ibùdó kejì.

Mo rò pé eruku ni. Nígbà tó tún yí dé, mo wò ó dáadáa. Pátákó Nélida ló ń wò, èyí tí Nélida gbé sókè fún ọkọ tirẹ̀, láti fi sọ fún un bí Bertolotti ṣe jìnnà sí i tó. Ọ̀dọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ni ọkọ mi ti lọ ń ka òótọ́, tèmi sì wà lójú rẹ̀ gbangba.

Gbogbo eré náà ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nélida rí i. Kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn eré, Anselmo fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ṣeun, Delfi."

Mo ní, "Ṣé pátákó mi dára?"

"Ó dára gan-an." Bí òun náà ṣe kọ́ irọ́ pípa lọ́dọ̀ mi nìyẹn.

A ti darúgbó báyìí. Ẹgbẹ́ onímọ́tò rán àwọn ọmọdé mìíràn lọ, kò kan Anselmo mọ́. A bí ọmọ mẹ́ta. Kò bú mi rí, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní iyọ̀ ti tó lọ́bẹ̀, á tọ́ ọ wò. Bí mo bá ní mo ti ti ilẹ̀kùn, á lọ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà nínú ilé ọkọ tàbí nínú ilé aya, ẹ fẹnu yín sọ ọ́ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ìtìjú rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà ní kíṣìnì, mo ké sí i pé, "Anselmo, òjò ti dé o. Mú agboòrùn." Kò dé ìdí fèrèsé rárá. Ó mú agboòrùn, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ.

Mo jókòó gbì sórí àga, omijé ń bọ́ lójú mi. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ó ti gbà mí gbọ́. Ìgbà tí ọkàn mi rọlẹ̀ ni mo tó gbọ́ bí òjò náà ṣe ń lu páànù orí ilé wa gbàgàgbàgà. Etí ara rẹ̀ ló ti fi gbọ́ ọ.